Ta Ló Gé Ọkọ̀ Tánganran?

Wọ́n gé ibojì bàbá Ìyá Sẹ̀nami ní ìsàlẹ̀ òkun Àgbádárìgì, wọ́n kó o lọ, wọ́n sì wá ń sọ pé omi iyọ̀ ló jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará ilé mi ní Èkìtì kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun nípa àjò mi, nítorí mo mọ̀ yín. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ẹja àti àgbọn bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ọmọ yín lọ gbádùn ara rẹ̀ létí òkun. Mo gbádùn ara mi lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo lọ, n ó sì sọ fún yín bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì ní fi ẹ̀rín bò ó. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì pé kí ènìyàn tó fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn, kí ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Kámẹ́rà mi ló yà á.

Òkun tí kò ní òdìkejì

Ẹni tí òkè yí ká láti kékeré bíi tiwa máa ń rò pé òun ti mọ ohun tó ń jẹ́ títóbi. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi kọjá Mọ̀wó, tí mo sọdá ọ̀sà, tí mo rìn la àárín igbó àgbọn kọjá, tí ilẹ̀ sì kàn dópin níwájú mi. Kò sí òdìkejì. Ariwo rẹ̀ kò jọ ti omi tí a mọ̀ nílé. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ típà ń da òkúta sílẹ̀, tí òkúta inú rẹ̀ kò sì tán. Mo dúró gbagidi, mo gbá àpò kámẹ́rà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ má kàn dúró máa wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn," ni ohùn kan wí lẹ́yìn mi. "Ẹ kí i."

Mo yíjú. Bàbá àgbàlagbà kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó dé fìlà òtútù nínú oòrùn ọ̀sán, ló ń bọ̀. Daa Máutín ni. Daa ni àwọn Ẹ̀gùn ń pe àgbà tó jẹ́ olórí agbo ilé. Òun ni olórí àwọn apẹja abúlé náà, òun ló sì ti gbà láti fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ mòòkùn ya fọ́tò.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kí òkun, sà?"

"Ẹ ní kúàbọ̀."

"Èmi tí mo ti ọ̀nà jíjìn dé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kó kí mi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. "Ará òkè! Ta ló ń dé nínú ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ wò ó dáadáa. Ó ń dé, ó ń dé, kò tíì dáwọ́ dúró láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ẹ kí i, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Mo kí òkun kúàbọ̀. Ẹ lè máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Abọ́ funfun ẹlẹ́tí búlúù

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ohun tí mo wá ṣe. Lọ́dọ̀ wa, kí àlejò tó jókòó tán, a ti bi í pé ọmọ ta ni, ta ló wá rí, ìgbà wo ló ń padà. Lọ́dọ̀ tiwọn, àlejò á bọ́ bàtà, wọ́n á fún un lómi, á da díẹ̀ sílẹ̀ kó tó mu, á jẹun, á sùn. Ilẹ̀ á mọ́ kí wọ́n tó bèèrè ìdí tó fi wá. Bí ó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú ló bá wá, wọn kì í bi í léèrè rárá. Ohun tó bá sọ, òun ni wọ́n á gbà. Mo ní ọmọlúàbí rèé. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé àwọn kan wà tí wọ́n ti ń wo ọmọlúàbí yìí bí olè ṣe ń wo ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo.

Ilé Ìyá Sẹ̀nami ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n Daa ni, ẹja ló ń yan tà. Sẹ̀nami ọmọ rẹ̀ wà nílé ọkọ ní Apá, nítorí náà òun nìkan ló ń gbé ilé pákó kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun gan-an. Ó gbé àkàsà, ẹ̀kọ tiwọn, kalẹ̀ nínú ewé, ó bu ata díndín àti ẹja yíyan sí i, ó fọ́ àgbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ikùn Èkìtì kì í dákẹ́. Mo bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá iṣu wà.

"Iṣu?" Ìyá wo iyanrìn ẹnu ọ̀nà, ó wò mí. "Ọmọ mi, gbìn ín. Bó bá hù, màá gún un fún ẹ."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo abúlé ti ń pè mí ní Ará Iyán. Nígbà tí mo bá wọ aṣọ rọ́bà tí mo fi ń mòòkùn, tí mo gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á yí i padà, wọ́n á máa pè mí ní yòvó. Yòvó ni òyìnbó. Èmi tí mo dúdú bí ìdí ìkòkò! Mo máa ń dáhùn pé, "Òyìnbó Ìkẹ́rẹ́ ni mí," wọ́n á sì pàtẹ́wọ́.

Abọ́ tí ó fi gbé oúnjẹ fún mi jẹ́ tánganran funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù. Mo wò yíká. Irú rẹ̀ ló wà lórí àjà, irú rẹ̀ ni adìẹ ń mu omi nínú rẹ̀, irú rẹ̀ ni wọ́n fi bo ìkòkò. Kò sí ilé kan ní abúlé náà tí kò ní í.

"Òun ló kó wọn wá," ni Ìyá wí, ó nawọ́ sí ojú fèrèsé.

Òkun ni mo rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń fi hàn mí, torí òun ló gbé mi kúrò nílé. Ọkọ̀ Tánganran. Láti ibẹ̀ títí dé Kùtọnu, kò sí apẹja tí kò mọ orúkọ ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ńlá onírin tó kó abọ́ ni, ìjì ló sì rì í nígbà tí Ìyá ṣì jẹ́ ọmọbìnrin kékeré tó ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú létí omi. Daa wà nínú oyún. Bàbá wọn ló kọ́kọ́ ti ọkọ̀ apẹja rẹ̀ bọ́ sínú ìjì láti lọ kó àwọn tó ń rì. Ó kó àwọn kan dé iyanrìn láàyè. Ó padà lọ.

"Wọ́n ní ó gbọ́ igbe nínú ọkọ̀," ni Ìyá wí. "Wọ́n rí i tó gun àtẹ̀gùn irin, tó wọlé. Ọkọ̀ sì dojú dé. Abọ́ ló kọ́kọ́ wá sétí omi. Gbogbo iyanrìn funfun báláú. Ìyá mi ń ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá ọkọ rẹ̀."

Ó kó àwo kúrò níwájú mi. Ó tún fi ẹ̀yìn sí mi kó tó sọ èyí tó kù.

"Ṣé kámẹ́rà rẹ lè rí àtẹ̀gùn yẹn?"

Mo ní màá wá a.

Bí òkun ṣe ń jẹ irin

Àsìkò ọyẹ́ nìkan ni omi ibẹ̀ ń mọ́ tó fún fọ́tò, bẹ́ẹ̀ náà kì í mọ́ púpọ̀. Kí a tó dé ibi tí ọkọ̀ wà, a ní láti la ibi tí ìgbì ti ń fọ́ kọjá, mo sì jẹ́wọ́ pé mo pariwo. Àwọn awakọ̀ Daa ń kọrin, èmi ń ké. Lẹ́yìn náà ni òkun dákẹ́. Daa wo orí àgbọn gíga kan àti òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró títí méjèèjì fi wà lójú ìlà kan náà, ó ní kí wọ́n sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀.

Mo mòòkùn. Omi náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó kún fún eruku bí ilé tí wọ́n ń gbá. Fún ìgbà díẹ̀ mi ò rí nǹkan kan ju ọwọ́ mi lọ. Ẹ̀yìn náà ni òkùnkùn kan dúró níwájú mi, mo sì rí i pé kì í ṣe òkùnkùn, ògiri ni. Ọkọ̀ Tánganran fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí màlúù tó dùbúlẹ̀. Ìkarahun wẹ́wẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún, abẹ̀bẹ̀ idẹ tó máa ń ti ọkọ̀ síwájú ṣì wà, ó ga jù mí lọ. Àwọn kútà, ẹja gígùn eléyín mímú yẹn, wà lójú kan náà lókè rẹ̀ bí ọlọ́dẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà tí mo gbà ṣiṣẹ́, nítorí òun ni àwọn kan fẹ́ kí n gbàgbé. Mo ní kí Ìyá yá mi ní abọ́ tánganran kan. Ibikíbi tí mo bá yà, màá gbé abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, kí ẹni tó bá ń wo fọ́tò lè mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Nígbà tí mo padà lọ ní ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, mo gbé abọ́ kan náà sí ojú ibi kan náà, mo tún yà á. Báyìí ni mo ṣe mọ bí òkun ṣe ń jẹ irin. Kì í gé e. Ó máa ń lá a ni. Ihò tó tó ẹnu ife ní ọdún kìn-ín-ní ti fẹ̀ tó ẹnu abọ́ ní ọdún kejì, etí rẹ̀ sì rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí etí ewé tí kòkòrò jẹ. Irin tó dógùn-ún máa ń dì bí èèpo, á rọ̀, á já, ìkarahun á sì tún hù sí ojú ibi tó já. Ìjẹrà náà lọ́ra, ó sì lẹ́wà. Mo lè ní kí ẹ má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo fọ́tò.

Ní ìrìn kejì yẹn ni mo rí àtẹ̀gùn náà. Ó wà ní ìhà ẹ̀yìn ọkọ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn kan tó ti ṣubú. Nítorí pé ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àtẹ̀gùn náà nà gbọọrọ bí àkàbà tí ènìyàn gbé kalẹ̀ tó lọ jẹun. Mo yà á láti ìta. Mi ò wọ inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n má wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ fúnra mi.

Mo tẹ fọ́tò náà jáde, mo gbé e fún Ìyá. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó fi ìka tọ àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Ó gun gbogbo èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọn wo nìyí?"

"Kútà ni, mà."

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé?"

"Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an, mà."

Ó wò wọ́n dáadáa. "Wọ́n sanra."

"Wọ́n sanra gan-an, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó kàn án mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Daa náà wá wò ó. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dé e padà, ó jáde lọ tún àwọ̀n ṣe.

Fèrèsé tí a tì

Ìrìn kẹta ni mo ń bínú sí.

Mo dé etí òkun, mo kí i kúàbọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Kò sí ẹni tó pè mí ní Ará Iyán. Àwọn ọkọ̀ apẹja wà lókè iyanrìn, díẹ̀ nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mo dé ilé Ìyá Sẹ̀nami, mo bá fèrèsé tó kọjú sí òkun ní títì pa. Ìyá wà lẹ́yìnkùlé, ó kọ ẹ̀yìn sí omi, ó ń gbọ́n eérú kúrò nídìí ààrò tí kò ní ẹja.

"Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Kí ló dé tí ẹ fi ti fèrèsé?"

"Wọn ò tíì pè."

"Ta ni kò tíì pè, mà?"

"Jókòó. Mu omi."

Daa ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn tí mo jẹun tán. Òfin kan wà lọ́dọ̀ wọn tí mi ò gbọ́ rí. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé ẹni tí omi gbé lọ jáde, ará ilé rẹ̀ kì í wo òkun, gbogbo abúlé á sì bá wọn pa á mọ́. Wọ́n á fa ọkọ̀ gòkè, wọ́n á ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó kọjú sí omi, wọ́n á dúró sínú ilé títí àwọn tó gbé e jáde yóò fi dì í, tí wọn yóò sì dúró létí omi ké pé, "A ti bò ó o!" Ìgbà náà ni wọ́n tó lè yọjú. Ìdí ni pé kò tọ́ kí ènìyàn rí ẹni rẹ̀ bí omi ṣe ṣe é.

"Àwọn ènìyàn kan wá," ni Daa wí. "Wọ́n gun ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan tó ní ẹ̀rọ ọlọ́rùn gígùn, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní èbúté. Wọ́n bọ́ bàtà. A fún wọn lómi, wọ́n da díẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin kan nínú wọn ní òkú ni wọ́n bá wá. Ó ní ẹbí àwọn atukọ̀ tó kú sínú Ọkọ̀ Tánganran ló rán wọn kí wọ́n kó egungun wọn wálé. Ó ní wọ́n á kó bàbá wa náà jáde fún wa, kí a sin ín sílẹ̀ gbígbẹ."

"Ẹ mọ ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀, sà?"

"Báwo la ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Òun ló bá mọ́tò ọ́fíìsì wá ní ọjọ́ kan, tó ní wọ́n rán òun wá kọ àṣà wa sílẹ̀ kó má bàa parun. Gbogbo rẹ̀ la sọ fún un. Bí a ṣe ń gba àlejò, bí a ṣe ń sin òkú omi, gbogbo rẹ̀. Àǹtí, ó mọ̀ ọ́n débi pé òun fúnra rẹ̀ ló rán wa létí pé ká lọ ti ilẹ̀kùn."

Ìró ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbọ́ nínú ilé. Lẹ́yìn náà, ohun kan dún nísàlẹ̀ omi tó mi ilẹ̀, àwọn abọ́ sì jábọ́ lórí àjà.

"Ẹ gbọ́ irú ìró yẹn, ẹ ò yọjú?"

Mo mọ̀ pé mo gbé ohùn sókè sí àgbà. Daa kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó ṣí aṣọ ìyá rẹ̀ wò.

"Mi ò rí bàbá mi rí láyé. Ṣé egungun rẹ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

Wọ́n dúró. Ìró ẹ̀rọ dáwọ́ dúró, wọ́n ṣì ń dúró. Ẹnikẹ́ni ò ké pe "a ti bò ó." Kò sí ẹja, kò sí ọjà, gàrí inú ilé ń lọ sílẹ̀, wọ́n ń dúró. Nígbà tó yá, Daa fúnra rẹ̀ ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé náà jáde lọ wá oúnjẹ. Wọ́n dé etí omi, kò sí ọkọ̀ pẹrẹsẹ, kò sí àlejò. Iyanrìn nìkan. Àwọn yòókù ti ṣí ilẹ̀kùn wọn látìgbà náà. Ìyá Sẹ̀nami kò ṣí i. Wọn ò tíì pè é.

Ohun tí Daa sọ kẹ́yìn ni èyí tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní ìyá wọn ra aṣọ funfun kan ní ọjọ́ tí ọkọ̀ náà rì, aṣọ tí yóò fi di ọkọ rẹ̀ bí òkun bá dá a padà. Òkun kò dá a padà. Ìyá wọn fi aṣọ náà sílẹ̀ fún Ìyá Sẹ̀nami nígbà tó fẹ́ kú. Ó ti ń fọ̀ ọ́, ó ti ń sá a, ó ti ń ká a padà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí àwọn àlejò wí tiwọn, ó mú aṣọ náà jáde nínú àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọkùnrin yẹn.

"Ó gbà á?"

"Ó kúnlẹ̀ gbà á."

Ojú ibi tí irin ti ń dán

Lọ́jọ́ kejì mo mòòkùn. Mi ò pariwo nígbà tí a ń la ìgbì kọjá.

Iwájú ọkọ̀ wà. Àárín rẹ̀ wà, bí mo ṣe fi í sílẹ̀, pẹ̀lú ihò tó ti fẹ̀ díẹ̀ sí i. Ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, omi ni mo bá. Àtẹ̀gùn kò sí. Ẹnu ọ̀nà tó ti ṣubú kò sí. Abẹ̀bẹ̀ idẹ, tó tó owó ńlá lọ́jà irin, kò sí. Kòtò gbàràmù kan ló wà nínú iyanrìn, àwọn ipa eyín ẹ̀rọ tó bu iyanrìn sì wà létí rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin. Kútà kan ṣoṣo ń lọ, ó ń bọ̀, lójú ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀.

Mo gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí wọ́n gé. Kò sí ìkarahun kankan lára rẹ̀. Ó tẹ́jú, ó tọ́ gbọọrọ láti òkè délẹ̀, ó ń dán bí kọ́bọ̀ tuntun. Ní ibì kan, irin náà ti yọ́, ó sì kán sílẹ̀ bí ìda àbẹ́là, ó sì gan bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yọ́ irin ni iná. Òkun kò ní iná. Mo yà á láti ọ̀tún, láti òsì, láti òkè. Mo yà á títí afẹ́fẹ́ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Daa sì fa okùn mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gòkè.

"Kí lẹ rí?" ni Daa bèèrè. Ó kọ ẹ̀yìn sí ojú ibi náà nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Mo sọ fún un. Ó ní kí àwọn awakọ̀ máa wà á lọ sílé.

Ọ́fíìsì tó ní fáànù mẹ́ta

Ọ́fíìsì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ irú ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Daa kà lára mọ́tò ọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Wọ́n mọ ara wọn. Mo dé ibẹ̀ ní àárọ̀, wọ́n bi mí ní ohun tí mo wá ṣe kí n tó kọjá ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ibẹ̀ jókòó sábẹ́ fáànù. Ó ní àwọn ti ránṣẹ́ sí ìjọba pé Ọkọ̀ Tánganran ti jẹrà tán fúnra rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, pé àwọn ti yọ ọ́ kúrò lára ohun tí àwọn ń ṣọ́.

Mo tẹ́ àwọn fọ́tò mi sórí tábìlì rẹ̀. Ọdún kìn-ín-ní, ọdún kejì, ti ọ̀tẹ̀ yìí. Abọ́ kan náà nínú gbogbo wọn.

"Madáàmù, iyọ̀ ni. Omi iyọ̀ lágbára. Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ ò mọ òkun."

"Ẹ ṣeun, sà. Òkun tí mi ò mọ̀ yìí, ṣé ó máa ń fi rúlà fa ìlà kó tó jẹun ni?"

Akọ̀wé tó jókòó ní igun rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ di ikọ́.

"Fọ́tò abẹ́ omi máa ń tan ojú jẹ."

"Ó dáa. Ẹ bá mi lọ. Daa Máutín ní àyè wà nínú ọkọ̀."

Ó ti àwọn fọ́tò náà padà sí mi. Mo bi í nípa ọkùnrin tó gun mọ́tò ọ́fíìsì rẹ̀ lọ kọ àṣà sílẹ̀. Ó ní àwọn máa ń rán ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo ní kí ó sọ orúkọ ọ̀kan. Ó wo aago.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọkọ̀ arúgbó yẹn jẹ́ fún yín gan-an? Ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀."

Òótọ́ ni, èmi kì í ṣe ará ibẹ̀. Mo sọ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fún mi lómi kí wọ́n tó bi mí ní ohunkóhun, àti pé ẹni tó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jí nǹkan wọn, kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ bí ẹlòmíràn bá jí i. Mo kó fọ́tò mi. Mo fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún un láàárín tábìlì, níwájú akọ̀wé rẹ̀, kí ó má wá sọ lọ́la pé òun ò rí i.

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ó ti rí i pé mi ò kọ èyí láti máa ṣe ìráhùn. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè bá mi bèèrè. Ẹ kà á sétí ẹni tó bá mọ ẹni tó mọ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ fáànù, ọ̀rọ̀ méjì lẹ sọ. Ẹni tó gun mọ́tò yín sọ fún abúlé pé òkú ni ẹ wá kó. Ẹ̀yin fúnra yín sọ fún ìjọba pé ẹnikẹ́ni ò kó nǹkan kan. Méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kó nǹkan kan, ẹ sọ iná tó yọ́ irin nísàlẹ̀ òkun fún wa, ẹ sì sọ ibi tí ọkọ̀ pẹrẹsẹ yẹn já ẹrù rẹ̀ sí. Kí ni orúkọ ọkùnrin tí ẹ rán lọ kọ àṣà àwọn ènìyàn sílẹ̀? Ta ló ka ohun tó kọ, tó sì rí i pé òfin kan wà tí yóò mú kí odindi abúlé ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn kí olè lè ráyè ṣiṣẹ́? Mo fẹ́ orúkọ. "Àwọn òṣìṣẹ́ wa" kì í ṣe orúkọ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ kó òkú, nígbà náà ìbéèrè mi kúrú sí i, Ìyá Sẹ̀nami ló ní kí n bi yín, bí ó ṣe wí i gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí òkun nígbà tó ń wí i:

"Aṣọ funfun tí mo fún yín, ta lẹ fi dì, ibo lẹ sì tẹ́ ẹ sí?"